Ẹ̀yin Alágbàtà Ilé, Ohun Tí Ẹ Rí Ni Kí Ẹ Kọ

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó tẹ́ ilẹ̀ fún wa láti máa gbé orí rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, ẹni tí àwọn ará Mẹ́kà ti ń pè ní Olùfọkàntán kí iṣẹ́ òjíṣẹ́ tó bá a, àti àwọn ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú àwọn sàhábà rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrun tàbí ààwẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kíyè sí i, a ń bẹ̀rù fún ìrun àti ààwẹ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pátákó ni. Ọ̀rọ̀ ìkéde ilé àti ilẹ̀ ni, èyí tí àwọn alágbàtà ń kọ sára ògiri, tí wọ́n ń kàn mọ́ òpó iná, tí wọ́n ń polówó lórí rédíò, tí àwọn ọmọ yín sì ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn kan yóò wí pé, kí ló kan àáfà nínú pátákó? Ẹ fi ara balẹ̀ kí ẹ gbọ́ bí ó ti kàn wá.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ tí ó jáde ní ilé kéwú wa fẹ́ gbé ìyàwó, ó sì ń wá ilé. Ó rí ìkéde kan. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ilé tuntun ni, yàrá àti pálọ̀, omi ń yọ tọ̀sán-tòru, títì ọlọ́dà dé ẹnu ọ̀nà, àdúgbò tó pa rọ́rọ́. Ó lọ wò ó ní àsìkò ọyẹ́, ilẹ̀ gbẹ, ọ̀dà ara ògiri ń dán. Wọ́n ní ẹ̀rọ omi bàjẹ́ díẹ̀ ni, ọ̀la ni wọn yóò tún un ṣe. Ó san owó ilé ọdún kan, ó san owó alágbàtà, ó san owó àgúrímẹ́ǹtì, wọ́n sì ṣe ìyàwó. Nígbà tí ó di oṣù kẹfà, òjò kan rọ̀ mọ́jú. Omi wọlé títí ó fi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì. Aṣọ ìyàwó, kápẹ́ẹ̀tì, àti àwọn ìwé kéwú tí ọmọ náà ti ń kó jọ láti kékeré, gbogbo rẹ̀ ni omi kó lọ. Títì ọlọ́dà tí wọ́n wí, oríta ni ó parí sí. Ẹ̀rọ omi kò sì yọ omi títí wọ́n fi kó jáde lẹ́yìn oṣù mẹ́rin. Owó oṣù mẹ́jọ tí ó kù, ó wọ igbó.

Nígbà tí ọmọ yìí tọ alágbàtà lọ, èsì tí ó rí gbà ni pé, “Ṣé mo sọ fún ọ pé òjò kò ní rọ̀ ni?”

Ohun tí ó mú wa lómi jù nìyí: alágbàtà náà, ọmọ ilé kéwú wa ni òun náà. Àwa ni a fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ ní bá àti tá. Ìwé tí a kọ́ ọ ni ó fi kọ pátákó yẹn. Èyí ni ó fi kàn wá, èyí náà ni kò jẹ́ kí a lè dákẹ́.

ÈDÈ TÍ WỌ́N Ń SỌ

Ẹ jẹ́ kí a tú díẹ̀ nínú èdè àwọn alágbàtà palẹ̀, nítorí wọ́n ti sọ Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì di ẹnà mọ́ wa lórí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ilé súnmọ́ títì, ẹ múra ọ̀kadà sílẹ̀. Bí wọ́n bá ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni ó sí ọjà, ìṣẹ́jú márùn-ún ẹni tí ó wa mọ́tò ní aago méjì òru ọjọ́ Àlàádì ni. Bí wọ́n bá ní ilé tuntun, ọ̀dà ni ó tuntun. Bí wọ́n bá ní àdúgbò tí ń gòkè bọ̀, kò ì tí ì sí iná, kò ì tí ì sí ọ̀nà. Bí wọ́n bá ní yàrá ńlá, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì wọ inú rẹ̀ kí ẹ wò ó bí ilẹ̀kùn yóò ṣeé ṣí.

Ní ti ilẹ̀, ọ̀rọ̀ náà burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí owó ilé lè jẹ́ owó ọdún kan, ṣùgbọ́n owó ilẹ̀ a máa jẹ́ làálàá ogún ọdún. Ẹ mú ẹyọ ọ̀rọ̀ kan péré, “plọ́ọ̀tì”. Níbi kan, plọ́ọ̀tì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Níbòmíràn, 50 sí 100 ni. Ẹ ṣírò rẹ̀: àkọ́kọ́ fún wa ní 7,200, èkejì fún wa ní 5,000. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tí ó tóbi. Àwọn tí ń ta ilẹ̀ ní ẹ̀sítéètì tún dé, àwọn kan nínú wọn ń pe mítà 300 onígun mẹ́rin ní plọ́ọ̀tì kan, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120 jẹ́ nǹkan bí mítà 669. Èyí kò tó ìdajì ìyẹn, ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́ lórí pátákó. Ẹni tí ó bá ka “plọ́ọ̀tì kan” láìrí iye mítà, kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń tà fún un.

Ẹ wo orúkọ ìlú náà. Wọn yóò kọ “Èkó” sí orí ilẹ̀ tí ó wà ní Mowe, ní Ibafo tàbí ní Arepo. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni àwọn ìlú wọ̀nyí wà. Ìlú tó dára ni wọ́n, èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀ tí a ó fi máa fi orúkọ ìlú mìíràn bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ilẹ̀ níbẹ̀, Abẹ́òkúta ni yóò ti lọ wá ìwé ilẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe Alausa. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń kọ “Lekki” sí ilẹ̀ tí ó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, kí ẹni tí ń kà á lè rò pé ẹ̀gbẹ́ Victoria Island ni.

Ìwé ilẹ̀ ńkọ́? Òfin lílo ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe lọ́dún 1978 gbé ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Ilẹ̀ tí ìjọba bá ti gbà, ẹbí tí ó ni ín látijọ́ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á mọ́, àfi bí ìjọba bá yọ apá kan sílẹ̀ fún wọn tí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ìkéde ìjọba. Yíyọ yìí ni wọ́n ń pè ní “excision”. Nísinsìnyí, wọn yóò kọ ọ́ gàdàgbà pé “excision ti ń lọ lọ́wọ́”. Ẹ̀yin ènìyàn wa, kí ni ó ń jẹ́ ó ń lọ lọ́wọ́? Ẹni tí ó kọ lẹ́tà sí ìjọba lánàá, tirẹ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà ní ogún ọdún sẹ́yìn tí wọn kò dá a lóhùn, tirẹ̀ náà ń lọ lọ́wọ́. Kí ìjọba tó yọ ilẹ̀ sílẹ̀, ilẹ̀ ìjọba ṣì ni. Àwọn mìíràn yóò kọ ọ́ pé “sáfè wà”, bí ẹni pé sáfè ni ìwé ẹ̀rí níní ilẹ̀. Sáfè ń sọ bí ilẹ̀ ti tó àti ibi tí ààlà rẹ̀ wà. Kò sọ pé ẹni tí ń tà á ni ó ni ín. Alágbàtà mọ èyí dájúdájú. Ẹni tí ń rà ni kò mọ̀, àìmọ̀ rẹ̀ sì ni ọjà tí wọ́n ń tà.

Abájọ tí ó fi jẹ́ pé, bí a bá ń rìn ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ìkéde tí ó ṣeé gbà gbọ́ jù lọ lára ògiri ni èyí tí ó sọ pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Ìtìjú ńlá ni fún gbogbo wa pé irọ́ àwọn ẹlòmíràn ti mú kí onílé máa ra ọ̀dà láti fi kọ ọ́ sára ilé ara rẹ̀ pé òun kò ta nǹkan.

OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Ẹ̀yin ọmọ kéwú, àáyà wo ni ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì? Ẹ óò dáhùn pé àáyà 282 nínú Súrátul-Bákárà ni. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ ti ronú sí ohun tí ó dá lé lórí? Kì í ṣe ogun, kì í ṣe ìtàn àwọn Ànábì. Ìwé kíkọ láàárín ẹni méjì tí ó ní owó pọ̀ ni. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti pàṣẹ pé kí akọ̀wé kọ ọ́ pẹ̀lú ẹ̀tọ́, kí ẹni tí ẹ̀tọ́ wà lọ́rùn rẹ̀ sọ ọ́ láìyọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀. Ọba tí ó dá sánmọ̀ àti ilẹ̀ fi àáyà tí ó gùn jù nínú Ìwé Rẹ̀ sí orí bí a ó ti kọ ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀, ìwọ wá ń wí pé pátákó lásán ni.

Ẹ rántí hádíìsì Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nígbà tí ó kọjá lọ́dọ̀ ẹni tí ń ta oúnjẹ lọ́jà. Ó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì oúnjẹ náà, ìka rẹ̀ sì kan èyí tí ó tutù lábẹ́. Ó bi onítọ̀hún léèrè, ó ní òjò ni ó pa á. Ànábì bi í pé kí ló dé tí kò fi èyí tí ó tutù sókè kí àwọn ènìyàn lè rí i, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá tanni jẹ kì í ṣe ara wa. Ẹ kíyè sí i pé onísòwò yìí kò tilẹ̀ purọ́ lẹ́nu. Kò sọ pé gbogbo rẹ̀ gbẹ. Ó kàn tò ó lọ́nà tí ojú yóò fi ṣìnà ni. Bí títò oúnjẹ bá lè mú ni jáde kúrò nínú ìjọ Ànábì, kí ni a ó sọ nípa ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ilẹ̀ akùrọ̀ jẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ?

Bí alágbàtà bá sì ní òun kọ́ ni òun ni ilé, pé onílé ni kí a bi, ẹ sọ ìtàn Wáthílà ọmọ Al-Asqa' fún un. Sàhábà ni. Ẹnì kan ra abo ràkúnmí lọ́jà lójú rẹ̀. Wáthílà kọ́ ni ó ni ràkúnmí náà, òun kọ́ sì ni ó tà á. Síbẹ̀ ó sáré tẹ̀lé ẹni tí ó rà á, ó bi í bóyá ẹran ni ó fẹ́ fi jẹ tàbí ìrìn-àjò ni ó fẹ́ fi rìn. Nígbà tí ó ní ìrìn-àjò Hájì ni, Wáthílà sọ fún un pé àléébù wà ní ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó ta ràkúnmí bínú pé ó ba ọjà òun jẹ́. Èsì Wáthílà ni pé òun gbọ́ lẹ́nu Ànábì pé kò tọ́ kí ènìyàn ta nǹkan láìsọ ohun tí ó wà lára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tọ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Ẹ rí i báyìí pé ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́, ó ti jẹ nínú rẹ̀. Alágbàtà tí ó ń gba owó lórí rẹ̀ wá ńkọ́?

ÀWÍJÀRE MẸ́TA

Nígbà tí a pe ọmọ wa alágbàtà jókòó, ó bọ̀wọ̀ fún wa, ó kúnlẹ̀, ó sì ṣe àwíjàre mẹ́ta. A gbọ́ àwíjàre wọ̀nyí lẹ́nu àwọn mìíràn pẹ̀lú, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a dá wọn lóhùn ní gbangba.

Èkíní, ó ní, “Àáfà, gbogbo ayé ni ó ń ṣe é. Ẹni tí ó bá ń ka ìkéde ti mọ̀ pé kí òun yọ díẹ̀ kúrò níbẹ̀.” Ó tún fi òwe tì í pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọmọ wa, àwọn àgbà tí ó pa òwe yẹn, ẹkún ni wọ́n fi ń sun, wọn kò fi kọ́ ọ ní òwò. Bí ó bá sì jẹ́ òótọ́ ni pé gbogbo ènìyàn ń yọ díẹ̀ kúrò nínú ohun tí wọ́n kà, kí ni ó kù fún ẹni tí ilé rẹ̀ tuntun ní tòótọ́? Ọ̀rọ̀ wo ni yóò fi pè é? Ẹ ti ná ọ̀rọ̀ “tuntun” tán, ẹ ti ná “omi” tán, ẹ ti ná “títì” tán. Olè tí ó jí owó, ọjọ́ kan lè dá owó padà. Èyí tí ó jí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, àwọn olódodo ni ó jà lólè, irú wọn kò sì ní ọ̀rọ̀ tí wọn yóò fi ké ìbòsí.

Èkejì, ó ní, “Mo mú un lọ wò ó. Ojú ara rẹ̀ ni ó fi rí i kí ó tó sanwó.” Ojú rí ọ̀dà. Ojú kò rí oṣù kẹfà nígbà ọyẹ́. Àwọn tí ó bá ti ka Risálà dé orí ọ̀rọ̀ òwò mọ̀ pé àwọn onímọ̀ wa kò fi ọ̀rọ̀ àléébù tí ó pamọ́ ṣeré rárá. Ẹni tí ó ra ọjà tí ó sì bá àléébù nínú rẹ̀ tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti dá a padà. Ó sì tún ku àwọn tí kò lè fi ojú rí i páàpáà. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní London, ní Houston, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ òru, tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé láti ra ilẹ̀, ojú wo ni wọ́n fi wò ó? Ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ ni ojú wọn. Bí ẹ bá fọ́ ọ, ẹ fọ́ ojú àjèjì nìyẹn, ẹni tí ó fọkàn tán yín jù lọ.

Ẹ sì jẹ́ kí a sọ ohun tí yóò dójú tì wá. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì níbi tí àwọn ọmọ wọ̀nyí wà, wọ́n ṣe òfin kan lọ́dún 1991 tí ó sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún alágbàtà ilé láti kọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ilé tí ó ń tà. Lọ́dún 2013 wọ́n pa òfin náà rẹ́, kì í ṣe pé wọ́n fi àyè gba irọ́, ṣùgbọ́n nítorí pé òfin mìíràn tí ó gbòòrò jù ú lọ ti ń dáàbò bo gbogbo oníbàárà. Nílùú tiwa náà, òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 lòdì sí kí a máa fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tàn tajà tàbí ṣiṣẹ́ fún ènìyàn. Ohun tí Ànábì ti fi ìka rẹ̀ tú fó nínú òkìtì oúnjẹ láti ohun tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún kan àti irinwó, ṣé ìgbà tí ọlọ́pàá bá dé ni Mùsùlùmí yóò tó gbà pé ó burú?

Ẹ̀kẹta, èyí tí ó wúwo jù, ó ní, “Bí mo bá kọ òtítọ́, ilé kò ní lọ, àwọn ọmọ mi kò sì ní jẹun.” A kò fi èyí ṣe yẹ̀yẹ́. Ebi kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí oúnjẹ náà ti ń wá. Ṣé ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn alágbàtà ń gba owó wíwo ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú lọ? Ogún ènìyàn ka “títì ọlọ́dà”, ogún ènìyàn san owó, ogún ènìyàn dé ibẹ̀ wọ́n rí ẹrẹ̀, wọ́n yí padà. Ilé kò lọ, ṣùgbọ́n irọ́ ti sanwó ní ogún ọ̀nà. Nítorí náà kì í ṣe pé òtítọ́ kò tà ni wọ́n ṣe ń sá fún un. Irọ́ ni ó ń mú owó wá, yálà ilé lọ tàbí kò lọ. Ẹni tí ó ń wá ilé, tí ó ti fi owó ọkọ̀ àti owó wíwo ilé ná ìdajì owó oṣù rẹ̀, òun ni ó ń bọ́ ọmọ alágbàtà láìmọ̀.

A sì tún ń wí pé òtítọ́ a máa tà. Kò sí ilé tí kò ní ẹni tí ń wá irú rẹ̀. Ilé tí kò ní ibi tí mọ́tò lè dúró, ẹni tí kò ní mọ́tò ń wá a. Ilé tí ó wà lẹ́yìn mọ́sálásí, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́sálásí wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ ìpè ìrun ní ìdájí kò ní wá, kò sì ní máa bá ládáánì jà lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹni tí ó ń wá ibi tí yóò ti máa bá jámáà kírun kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Àléébù lójú ẹnì kan, ìbùkún ni lójú ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ̀ bí ẹ kò bá kọ ọ́? Àwọn àgbà wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwa ń wí fún alágbàtà pé ilé ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó sọ ilé pàápàá lórúkọ.

Ànábì tún kọ́ wa pé bí olùtà àti olùrà bá sọ òtítọ́ tí wọ́n sì fi ohun tí ó wà lára ọjà han ara wọn, a ó bùkún fún òwò wọn. Bí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀ tí wọ́n sì purọ́, a ó pa ìbùkún òwò náà rẹ́. Ẹ wo àyíká yín kí ẹ sọ fún wa bóyá kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ TÍ KÒ YẸ

Kì í ṣe irọ́ nìkan ni ó burú lórí pátákó. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí ó lè jẹ́ òótọ́ inú ẹni tí ó kọ ọ́, síbẹ̀ tí kò yẹ kí a rí i. A ti rí ibi tí wọ́n kọ ọ́ pé Kristẹni nìkan ni àwọn fẹ́. Inú bí wa, ó sì tọ́ kí inú bí wa, nítorí a mọ àwọn arábìnrin wa tí wọ́n lé padà lẹ́nu ọ̀nà nítorí híjáàbù. Ṣùgbọ́n a ti rí ibi tí Mùsùlùmí náà kọ ọ́ pé Mùsùlùmí nìkan ni òun fẹ́, tí ẹlòmíràn kọ ọ́ pé ẹ̀yà báyìí kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀, a kò sì rí ẹni tí inú bí. Ohun tí ó korò lẹ́nu wa, báwo ni yóò ṣe dùn lẹ́nu ọmọnìkejì?

Nígbà tí wọ́n pa ẹran nílé Abdullah ọmọ Amr, ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè ni bóyá wọ́n ti fún aládùúgbò rẹ̀ tí ó jẹ́ Yẹhúdì nínú rẹ̀, nítorí ohun tí ó ti gbọ́ lẹ́nu Ànábì nípa ẹ̀tọ́ aládùúgbò. Ẹ kò lè ní irú aládùúgbò bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá ti fi ọ̀dà pupa lé e lọ. Bí onílé bá ní ìlànà, kí ó kọ ìlànà: a kì í ta ọtí nínú ilé yìí, a kì í lu ìlù lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, ènìyàn mẹ́rin ni ilé yìí gbà. Ìwà ni ìlànà yẹn ń béèrè, kò béèrè ẹ̀yà. Ẹni tí ó bá lè pa á mọ́, kí ó wá.

Èyí tí ó sì tún burú nínú gbogbo rẹ̀ ni kí a fi orúkọ ẹ̀sìn polówó ilẹ̀ tí ó ní ìjà nínú. Wọn yóò ya àwòrán mọ́sálásí aláràbarà, wọn yóò pè é ní ẹ̀sítéètì àwọn Mùsùlùmí, wọn yóò fi Bismillah bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìdílé mẹ́ta sì wà ní kóòtù lórí ilẹ̀ náà. Ànábì kìlọ̀ fún wa pé ẹni tí ó bá fi àbòsí gba ìbú ilẹ̀ kékeré, a ó fi ìpele ilẹ̀ méjèèje kọ́ ọ lọ́rùn ní Ọjọ́ Àjíǹde. Àwọn àgbà Yorùbá náà sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ.

BÍ Ó TI YẸ KÍ A KỌ Ọ́

Kí ẹnikẹ́ni má baà wí pé àáfà mọ ìbáwí kò mọ iṣẹ́, àpẹẹrẹ ìkéde kan rèé, irú èyí tí ọmọ wa ì bá kọ nípa ilé yẹn:

“Yàrá àti pálọ̀, ìsàlẹ̀ ilé. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà ni. Ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ayálégbé méjì ni ó jọ ń lo ilé ìdáná. Kànga wà, ẹ̀rọ tí ń fa omi ti bàjẹ́. Títì ọlọ́dà parí sí oríta. Ìrìn ẹsẹ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni láti ibẹ̀. Omi a máa wọ àgbàlá bí òjò bá pọ̀. Owó ilé ọdún kan jẹ́ báyìí, owó alágbàtà báyìí, owó àgúrímẹ́ǹtì báyìí, àpapọ̀ rẹ̀ báyìí. A kì í gba owó wíwo ilé.”

Ṣé ilé náà yóò lọ? Yóò lọ, bí onílé bá dín owó rẹ̀ kù, tàbí bí ó bá kọ́kọ́ tún ẹ̀rọ omi ṣe tí ó sì la gọ́tà. Èyí gan-an ni ìwúlò òtítọ́. Pátákó òtítọ́ a máa mú kí onílé tún ilé rẹ̀ ṣe, nígbà tí pátákó irọ́ ń mú kí ó máa sùn lọ.

Ní ti ilẹ̀, ẹ kọ iye mítà rẹ̀, ẹ kọ ìjọba ìbílẹ̀ àti ìpínlẹ̀ tí ó wà ní tòótọ́, ẹ kọ irú ìwé tí ó wà lọ́wọ́ yín lónìí, kì í ṣe èyí tí ẹ ń retí. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ irà, ẹ kọ irà. Ẹ kọ gbogbo owó tí olùrà yóò tún san lẹ́yìn owó ilẹ̀, kí ó má baà jẹ́ pé ọjọ́ tí ó bá gbé bíríkì dé ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tí ẹ ń wá ilé, iṣẹ́ yín náà wà níbẹ̀. Ẹ wo ilé lẹ́yìn òjò. Ẹ bi ayálégbé tí ó wà nínú ilé, ẹ má fi mọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí yóò gba kọmíṣọ̀n. Ẹ mọ òfin: èyí tí ìjọba Èkó ṣe lọ́dún 2011 lórí ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé lòdì sí kí wọ́n gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Kí ẹ tó san owó ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà gbé sáfè lọ sí ọ́fíìsì ìjọba láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ìjọba ni. Ohun tí alágbàtà bá sọ lẹ́nu, ẹ ní kí ó kọ ọ́ sílẹ̀ kí ó sì fọwọ́ sí i. Àáyà 282 ni ẹ ń tẹ̀ lé.

Àwa olùkọ́ kéwú náà, a kò gbọdọ̀ bọ́ nínú ẹ̀bi. Orí ọ̀rọ̀ òwò nínú ìwé fíkíhì, a ti ń sáré kà á kọjá kí ìdánwò tó dé. A kọ́ wọn bí a ti ń fọ ọwọ́ nígbà àlùwàlá, a kò tẹnu mọ́ bí a ti ń fọ ọwọ́ tí ó di kálàmù mú. Àwọn kan nínú wa pàápàá ń kọ sára pátákó ilé kéwú pé ilé ìkàwé ńlá wà, nígbà tí ó jẹ́ pé àpótí ìwé kan péré ni. Láti sáà tí ó ń bọ̀, ní ilé kéwú tiwa, ọmọ tí ó bá ti dé orí ọ̀rọ̀ òwò yóò kọ ìkéde ilé kan, ilé bàbá tirẹ̀, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀. A rọ àwọn olùkọ́ yòókù kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ìparí, ọmọ wa alágbàtà, a mọ̀ pé o máa ń ka ìwé ẹgbẹ́ yìí. A kò dá orúkọ rẹ, a kò sì ní dá a. Pátákó rẹ ṣì wà ní ọ̀nà mọ́sálásí, a ń kọjá níwájú rẹ̀ ní gbogbo Jímọ̀. Ẹnìkejì rẹ tí ẹ jọ jókòó lórí ẹní kan náà nílé kéwú ṣì ń gbé ní yàrá kan nílé àna rẹ̀ pẹ̀lú ìyàwó. Kọmíṣọ̀n tí o gbà lọ́wọ́ rẹ̀, dá a padà. Lẹ́yìn náà, gbé búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà, kí o lọ tún pátákó yẹn kọ. Àwa ni a kọ́ ọ ní bá àti tá. A kò fẹ́ kí ó jẹ́ pé bá àti tá yẹn ni yóò jẹ́rìí takò wá níwájú Ọlọ́hun.

Kí Ọlọ́hun fi òtítọ́ sí wa lẹ́nu àti lọ́wọ́, kí Ó fi ilé tó dára jíǹkí àwọn tí ń wá ilé, kí Ó má sì ṣe sọ ohun tí a fi ọwọ́ ara wa kọ di ẹ̀bi wa ní ọjọ́ tí a ó ka ìwé olúkúlùkù. Àmín.